Ọ̀tẹ̀ Ńlá Mẹ́síkò: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ogun náà àti àwọn òkú rẹ̀ tí kò sinmi

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nígbà tí ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò bá délẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Mo tò wọ́n bí ogun náà ṣe lọ, àmọ́ kò pọn dandan kí ẹ kà á tẹ̀lé ara. Ẹni tó jẹ́ pé orí Pancho Villa tí wọ́n jí ló gbé e wá, kó fò lọ sísàlẹ̀, mi ò ní bínú.

Kí ni wọ́n ń pè ní Ọ̀tẹ̀ Mẹ́síkò?

Ogun abẹ́lé ni, kì í sì ṣe ogun kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1910, nígbà tí àwọn kan dìde láti lé ààrẹ arúgbó kan tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn fi òpin rẹ̀ sí 1920, àwọn mìíràn fà á dé 1940. Àwọn tó jọ lé arúgbó náà lọ ló yíjú síra wọn lẹ́yìn náà, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n pa ara wọn tán.

Àwọn ará Mẹ́síkò ń pè é ní la Revolución, bí ẹni pé irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé. "Ọ̀tẹ̀" tí mo lò yìí le díẹ̀ létí, torí orúkọ ẹ̀gàn ni ọlọ̀tẹ̀ jẹ́ láàárín wa. Mi ò rí èyí tó bá a mu jù ú lọ ni. Nínú ìtàn yìí, ẹni tó ṣọ̀tẹ̀ lánàá ló ń pe ẹlòmíràn ní ọlọ̀tẹ̀ lónìí.

Ta ni Porfirio Díaz, kí ló sì ṣe?

Ọ̀gágun láti Oaxaca ni. Nígbà tí Faransé kó ogun wọ Mẹ́síkò, tí wọ́n sì gbé ọmọ ọba Austria kan, Maximilian, gorí àléfà níbẹ̀, Díaz wà lára àwọn tó kọjú ìjà sí wọn. Òun ló gba ìlú Puebla padà ní oṣù kẹrin ọdún 1867. Oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n yìnbọn pa Maximilian ní Querétaro. Akọni ni Díaz nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ní 1876, ó fi ipá gba ìjọba. Ẹ gbọ́ ìdí tó ní òun fi dìde: ó ní kò yẹ kí ààrẹ máa tún ipò gbà lẹ́yìn tí sáà rẹ̀ bá pé. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó sórí àga títí di 1911, àfi ọdún mẹ́rin, láti 1880 sí 1884, tó fi yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Manuel González.

Kì í ṣe pé kò ṣe nǹkan kan. Ó la ojú irin káàkiri, àwọn olówó òkèèrè kó owó wọlé, wọ́n ń wa bàbà, wọ́n ń wa fàdákà, epo rọ̀bì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú irin bá gbà, ilẹ̀ ibẹ̀ á di ọ̀wọ́n, àwọn ọlọ́lá á sì wá rántí pé abúlé tó múlé gbè wọ́n kò ní ìwé ilẹ̀. Àwọn Yaqui ti Sonora kọ̀ láti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀; ìjọba kó wọn bí ẹrú lọ sí Yucatán, ní ìkángun kejì orílẹ̀-èdè, láti máa gé ewé tí wọ́n fi ń ṣe okùn. Ní 1906 àwọn awakùsà Cananea daṣẹ́ sílẹ̀, ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ní oṣù kìíní 1907 ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Río Blanco. Ìbọn náà ni.

Ní 1908 Díaz sọ fún oníròyìn Amẹ́ríkà kan pé Mẹ́síkò ti gbó tó fún ìjọba tiwa-n-tiwa, pé inú òun á dùn bí ẹgbẹ́ alátakò bá yọjú. Bóyá ó kàn ń fi dá àlejò lára yá ni. Ọmọ ọlọ́lá kan ní Coahuila gbà á gbọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dá ọjọ́ àti aago fún ọ̀tẹ̀ náà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1910, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Francisco Madero ni ọmọ ọlọ́lá tí mo wí yẹn. Kò ga, kì í jẹ ẹran, ó sì dá a lójú pé òun ń bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Á mú pẹ́ńsùlù, á fi ọwọ́ sílẹ̀ kí ó máa kọ ohun tí ẹ̀mí bá sọ. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀mí náà ni Raúl, àbúrò rẹ̀ tó kú ní kékeré. Madero kọ ìwé lórí ìbò 1910, ó jáde du ipò ààrẹ, Díaz sì tì í mọ́lé kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sá lọ sí San Antonio ní Texas, ibẹ̀ ló ti gbé ìkéde jáde pé kí gbogbo ìlú dìde. Ó fi ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá sí ìwé náà, ó sì kọ orúkọ San Luis Potosí sí i, kó má baà dà bí ẹni pé ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti ń pàṣẹ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Madero dé odò ààlà, ó ń retí ọ̀wọ́ ọmọ ogun. Àwọn tó wá pàdé rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó yí padà sí Texas. Ní Puebla, àwọn agbófinró ti já wọ ilé Aquiles Serdán láti ọjọ́ 18, wọ́n sì pa á. Nítorí náà, ọjọ́ tí Mẹ́síkò fi ń gba ìsinmi lọ́dọọdún láti rántí ọ̀tẹ̀ náà, ọjọ́ tí nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. (Láti 2006 wọ́n ti gbé ìsinmi náà sí ọjọ́ Ajé kẹta oṣù kọkànlá, kí ó lè so mọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìtàn pátápátá.)

Chihuahua ni iná ti ràn. Pascual Orozco, tó ń fi ìbaaka kó ẹrù, àti ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Pancho Villa kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n sì gba Ciudad Juárez ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1911. Ọjọ́ 25 oṣù náà, Díaz kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ òkun tó ń jẹ́ Ypiranga ní Veracruz, ó gba Yúróòpù lọ.

Bí Díaz ti lọ, kí ló dé tí ogun kò tán?

Torí pé Madero rò pé ìbò ni àwọn èèyàn ń jà fún. Ó fi àwọn ọmọ ogun Díaz sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó ní kí àwọn tó bá a jà kó ìbọn wọn wá, kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn kan lọ. Emiliano Zapata béèrè pé ilẹ̀ ńkọ́.

Anenecuilco ni wọ́n ti bí Zapata, ní ìpínlẹ̀ Morelos, níbi tí oko ìrèké àwọn olówó ti ń jẹ ilẹ̀ abúlé lọ díẹ̀díẹ̀ bí ikán. Ẹṣin ló mọ̀ ọ́n tọ́ jù. Ó fẹ́ràn aṣọ, ṣòkòtò rẹ̀ há gádígádí, bọ́tìnnì fàdákà tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1909 àwọn àgbà abúlé ní agbára àwọn ti tán, wọ́n fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Ohun tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ni àpótí tí ìwé ilẹ̀ abúlé wà nínú rẹ̀, ìwé tí òmíràn ti wà láti ayé ìjọba Sípéènì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àpótí yẹn. Ẹni tó bá ní Zapata ń lá àlá ayé tuntun kò tíì lóye rẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá wọn ní ìwé sí ló ní kí wọ́n dá padà.

Oṣù kọkànlá 1911 ni Madero gorí àga. Kí oṣù náà tó parí, Zapata ti gbé ìwé tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ayala: Madero ti dalẹ̀ ọ̀tẹ̀ náà, kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún abúlé, kí wọ́n sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta lára oko ńláńlá pín fún àwọn tí kò ní.

Kí ni "Ọjọ́ Mẹ́wàá Oníbànújẹ́"?

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kejì 1913, àwọn ọ̀gágun kan dìtẹ̀ ní olú-ìlú. Ọ̀gágun Bernardo Reyes gẹṣin lọ síwájú ààfin, ìbọn sì bá a níbẹ̀. Àwọn yòókù sá wọ ilé ìkóhun-ìjà tó ń jẹ́ Ciudadela, wọ́n ń yin àgbá láti ibẹ̀, ìjọba náà ń yin tirẹ̀ padà, láàárín ìgboro. Àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kú jù.

Ọ̀gágun Victoriano Huerta ni Madero ní kó gba òun. Huerta lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ mulẹ̀, ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti jọ fọwọ́ sí àdéhùn; Henry Lane Wilson, aṣojú náà, ló gbà wọ́n lálejò. Wọ́n mú Madero ní ọjọ́ 18. Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Pedro Lascuráin, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, di ààrẹ fún àkókò tí kò tó wákàtí kan: ó yan Huerta sípò mínísítà, ó sì kọ̀wé tirẹ̀ náà, kí òfin lè sọ pé Huerta ni ìjọba kàn. Òfin ò já, ẹ rí i? Ní alẹ́ ọjọ́ 22, wọ́n pa Madero àti igbákejì rẹ̀ José María Pino Suárez lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n Lecumberri.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ara Mẹ́síkò fi máa ń fu nígbà tí aṣojú Amẹ́ríkà bá ń dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló ń bá ta jà?

Ibí yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Gbogbo wọn kọ́kọ́ para pọ̀ sí Huerta. Venustiano Carranza, gómìnà Coahuila, onírùngbọ̀n funfun, ní òun ni olórí àkọ́kọ́. Álvaro Obregón, àgbẹ̀ ẹ̀wà garbanzo láti Sonora, kó ogun wá láti ìwọ̀-oòrùn. Villa kó Ẹgbẹ́ Ogun Àríwá wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹṣin, àgbá, aya àti ọmọ. Zapata ń jà ní gúúsù, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1914, Villa fọ́ àwọn ọmọ ogun Huerta ní Zacatecas. Amẹ́ríkà pàápàá ti gba èbúté Veracruz láti oṣù kẹrin. Oṣù keje, Huerta sá lọ.

Wọ́n pe ìpàdé sí Aguascalientes ní oṣù kẹwàá láti pín ìjọba. Wọ́n tú ká bí ọ̀tá: Carranza àti Obregón lápá kan, Villa àti Zapata lápá kejì.

Ìtàn wo ló wà nídìí fọ́tò Villa lórí àga ààrẹ?

Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 1914 ni, ní ààfin ìjọba. Villa fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú àga oníwúrà, ó wọ aṣọ ológun, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Zapata jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akẹ̀tẹ̀ ńlá wà lórí eékún rẹ̀, ó sì tẹ ojú mọ́ ayàwòrán bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Èrò gbá wọn mọ́ lẹ́yìn, ọmọdé wà níbẹ̀, ọkùnrin kan wé báńdéèjì mọ́rí. Wọ́n máa ń sọ pé Zapata kọ àga náà, pé ó ní kí wọ́n dáná sun ún kí ẹnikẹ́ni má baà jà sí i mọ́. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá kò sọ ọ́, ojú rẹ̀ nínú fọ́tò náà sọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ fojú kojú, ní Xochimilco. Ìtìjú mú àwọn méjèèjì, wọ́n jókòó bí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà, títí ọ̀rọ̀ fi kan Carranza. Nígbà náà ni ẹnu wọn yọ. Zapata ní kí wọ́n gbé ọtí cognac wá. Villa kì í mutí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ já ẹni tó gbà á lálejò kulẹ̀. Ó gbé e mì, ọtí há a lọ́fun, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn ogun náà: àwọn méjì tí gbogbo olú-ìlú ń gbọ̀n nítorí wọn, tí wọn ò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ìlú náà ṣe. Kò pẹ́ tí kálukú fi padà sí agbègbè rẹ̀.

Báwo ni Obregón ṣe ṣẹ́gun Villa? Apá rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù kẹrin 1915, ní Celaya, Obregón fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sínú kòtò tí àwọn àgbẹ̀ ń gba omi kọjá, ó na wáyà ẹlẹ́gùn-ún síwájú, ó gbé ìbọn arọ̀jò-ọta kalẹ̀. Villa mọ ohun kan: kí ẹlẹ́ṣin ya lu ọ̀tá. Ó rán wọn lọ, wọ́n ṣubú. Ó tún rán wọn, wọ́n tún ṣubú. Ẹgbẹ́ Ogun Àríwá kò gbérí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Oṣù kẹfà, nítòsí León, ọta àgbá gé apá ọ̀tún Obregón. Òun fúnra rẹ̀ fi ṣe àwàdà lẹ́yìn náà. Ó ní nígbà tí wọ́n ń wá apá náà láàárín àwọn òkú, kò sẹ́ni tó rí i, títí ọ̀rẹ́ òun kan fi na owó wúrà sókè. Kíá, apá náà fò sókè láti gbá a mú. Àwàdà olè tí ààrẹ fi ara rẹ̀ ṣe! Ó di ààrẹ ní 1920.

Wọ́n kó apá náà sínú ìgò oníkẹ́míkà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìrántí rẹ̀ ní gúúsù olú-ìlú ní 1935, wọ́n gbé ìgò náà síbẹ̀ kí aráàlú máa wò ó, ìka rẹ̀ ń rọ, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Títí di 1989 ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sun ún.

Ṣé lóòótọ́ ni Villa kọlu Amẹ́ríkà?

Lóòótọ́ ni. Amẹ́ríkà ti gba Carranza gẹ́gẹ́ bí ìjọba, Villa sì kà á sí ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 9 oṣù kẹta 1916, àwọn èèyàn rẹ̀ já wọ ìlú Columbus ní New Mexico, wọ́n dáná sunlé, wọ́n pa èèyàn. Àwọn tí òun pàdánù níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó pa lọ. Amẹ́ríkà rán Ọ̀gágun Pershing wọ Mẹ́síkò pẹ̀lú ọmọ ogun bíi 10,000, mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n wá Villa títí di oṣù kejì 1917. Wọn ò rí i. Ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu aráàlú nìyẹn ju ogun èyíkéyìí tó ṣẹ́ lọ.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Ọmọ ogun tí kò ní ẹ̀ka tó ń bọ́ni, obìnrin ló ń bọ́ ọ. Ẹṣin wà nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ìdílé jókòó sórí òrùlé, ọlọ kan, ìkòkò kan, ọmọ kan lẹ́yìn. Tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ dáná, wọ́n á lọ àgbàdo fún tortilla. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, wọ́n ń sìnkú, àwọn mìíràn ń yìnbọn. Petra Herrera múra bí ọkùnrin, ó ní Pedro ni òun, ó sì jà tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè sọ pé obìnrin ni òun láìsí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Amelio Robles, tí wọ́n bí ní obìnrin ní ìpínlẹ̀ Guerrero, di ọ̀gá lábẹ́ Zapata, ó sì gbé bí ọkùnrin títí tó fi kú ní 1984.

Fọ́tò kan wà láti 1912, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọkọ̀ ojú irin, ó di irin mú, ó nàgà síta, ó ń wo iwájú. Ẹ óò rí i lára ife àti ẹ̀wù. Adelita ni wọ́n ń pè é, látinú orin. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an dájú. Obìnrin Mẹ́síkò kò sì rí ẹ̀tọ́ ìbò ààrẹ gbà títí di 1953.

Èèyàn mélòó ló kú?

"Mílíọ̀nù kan" ni ẹnu kò sí. Ìkànìyàn 1910 rí mílíọ̀nù 15.2, ti 1921 rí 14.3. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan ló gbé ìyàtọ̀ yẹn lọ. Ebi wà níbẹ̀, ibà typhus, àjàkálẹ̀ àrùn gágá ti 1918, àti àwọn tó sọdá sí Amẹ́ríkà láìpadà.

Àwọn òkú kan wà tí wọn kì í kọ lórin. Ní oṣù karùn-ún 1911, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Madero wọ Torreón, àwọn àti èrò ìgboro ya lu àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé níbẹ̀, wọ́n pa 303, wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n wó báńkì wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun. Ọdún 2021 ni ààrẹ Mẹ́síkò tó lọ sí Torreón láti tọrọ àforíjì.

Kí ni òfin 1917 mú wá?

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ni. Ọjọ́ 5 oṣù kejì 1917 ni wọ́n gbé e jáde ní Querétaro. Abala 27 ní ilẹ̀ àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orílẹ̀-èdè ló ni wọ́n. Abala 123 fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ àti ẹ̀tọ́ láti daṣẹ́ sílẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Lázaro Cárdenas, tó jẹ́ ààrẹ láti 1934 sí 1940, ló mú un ṣe gidi: ó pín ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà, ó sì gba epo rọ̀bì lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1938. Àwọn obìnrin tò wá dá sí owó tí wọ́n máa fi san ẹ̀san fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà bí agbára wọn ṣe mọ, ẹlòmíràn gbé òrùka wá, ẹlòmíràn gbé adìyẹ.

Kí ni Ogun Cristero?

Òfin kan náà fọwọ́ tẹ ìjọ Kátólíìkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Plutarco Elías Calles fẹ́ mú un ṣẹ ní 1926, àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá ìsìn dúró, àwọn àgbẹ̀ Jalisco àti àgbègbè rẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n ń ké pé "Kí Kristi Ọba kó pẹ́!" Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Àwọn àgbẹ̀ ló wà níhà ibí, àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba fún nílẹ̀ wà níhà ọ̀hún. Èyí ló fi ṣòro fún ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti sọ: báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé mẹ̀kúnnù ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba ọ̀tẹ̀ mẹ̀kúnnù?

Ó kan Obregón náà. Wọ́n ti tún dìbò yàn án. Ọjọ́ 17 oṣù keje 1928, ó ń jẹun ní ilé oúnjẹ La Bombilla, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, José de León Toral, ń yàwòrán àwọn tó jókòó. Ó súnmọ́ Obregón láti fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Bí Obregón ṣe yíjú láti wò ó, ìbọn dún. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ ilé ìrántí tí wọ́n gbé apá sí.

Ṣé Zapata kú lóòótọ́?

Òpìtàn á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Jesús Guajardo, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun Carranza, ṣe bí ẹni tó fẹ́ yà wá sọ́dọ̀ Zapata, ó tiẹ̀ pa àwọn kan kí ó lè gbà á gbọ́. Ó pè é wá sí Chinameca ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1919. Àwọn sọ́jà tò bí ẹni tó fẹ́ bẹ́rí fún un, fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta ti dún, wọ́n yìnbọn. Ìbaaka ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ lọ sí Cuautla, wọ́n tẹ́ ẹ síta kí gbogbo ayé wò ó.

Àwọn ará Morelos wò ó. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Ẹnì kan ní àmì kan wà lára Zapata tí kò sí lára òkú yìí. Ẹlòmíràn ní ìka rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó jọ ọ́ ni ó rán lọ, pé òun fúnra rẹ̀ ti lọ sí Arébíà, pé wọ́n rí i lóru lórí ẹṣin ní orí òkè. Mi ò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò tíì dá ilẹ̀ rẹ̀ padà, kò rọrùn fún un láti gbà pé agbẹjọ́rò rẹ̀ ti kú.

Orí Villa ńkọ́?

Villa gba àlàáfíà ní 1920, ìjọba fún un ní oko ńlá. Ọjọ́ 20 oṣù keje 1923, ó ń wa mọ́tò Dodge rẹ̀ la Parral kọjá, wọ́n rọ̀jò ìbọn lé e lórí láti inú ilé kan. Ní oṣù kejì 1926 àwọn kan hú sàréè rẹ̀, wọ́n gé orí lọ. Wọ́n mú ará Amẹ́ríkà kan, wọ́n tún tú u sílẹ̀. Àgbọ́sọ ti gbé orí náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ awo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yale. Títí di òní, orí kò sí.

Ṣé òótọ́ ni pé ilé kan náà ni wọ́n sin àwọn ọ̀tá náà sí?

Òótọ́ ni. Ilé Ìrántí Ọ̀tẹ̀ ní olú-ìlú, Díaz ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1910 fún ilé aṣòfin. Ogun dé, egungun irin rẹ̀ dúró lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi sọ òrùlé rẹ̀ di ilé ìrántí ní 1938. Nínú òpó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kó Carranza sí, wọ́n kó Madero sí, Calles àti Cárdenas tó lé Calles kúrò nílùú, àti Villa, ní 1976, láìlórí. Ní Parral, àwọn kan ṣì ń sọ pé egungun ẹlòmíràn ni ìjọba kó lọ.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nípò nígbà náà ló nílò ilé ìrántí náà. Calles ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1929 kí àwọn ọ̀gágun tó kù má baà pa ara wọn tán. Láti 1946 ó ń jẹ́ PRI, Ẹgbẹ́ Ọ̀tẹ̀ Onílànà. Ọ̀tẹ̀ tó ní ọ́fíìsì àti òǹtẹ̀! Títí di 2000 ni wọ́n fi ṣèjọba, wọ́n sì ní láti jogún gbogbo òkú, ẹni tó pani àti ẹni tí wọ́n pa.

Ẹnì kan ni wọn ò rí kó. Wọ́n fẹ́ gbé Zapata wá, àwọn ará Morelos kọ̀. Cuautla ló wà.

Kí ni corrido?

Ìròyìn tí wọ́n fi orin kọ ni: ọjọ́, ibi, ẹni tó kú, ohun tó wí kí ó tó kú. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí abala ìwé olówó pọ́ọ́kú, olórin ń kọ ọ́ lọ́jà, ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́. José Guadalupe Posada ló gbẹ́ ọ̀pọ̀ àwòrán tó wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, eegun òkú tó ń jó, eegun òkú tó dé fìlà ọlọ́lá. Ó kú ní oṣù kìíní 1913, kí èyí tó burú jù tó dé. Orin aáyán tí gbogbo ayé mọ̀, La Cucaracha, ti wà ṣáájú ogun. Àwọn ọmọ ogun kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti fi bú ẹni tó bá wà lójú ìjà lọ́jọ́ náà ni.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lónìí?

Ní 1992 ìjọba yí abala 27 padà: ilẹ̀ pínpín ti tán. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1994, ọjọ́ tí àdéhùn òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀, àwọn Maya ní Chiapas gba San Cristóbal de las Casas pẹ̀lú ìbọn. Zapatista ni wọ́n pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zapata kò jagun dé Chiapas rí.

Ní 2019, ayàwòrán Fabián Cháirez fi àwòrán kan hàn ní Bellas Artes, ààfin iṣẹ́ ọnà ní olú-ìlú: Zapata ní ìhòòhò lórí ẹṣin, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, akẹ̀tẹ̀ aláwọ̀ osùn lórí. Àwọn àgbẹ̀ ya wọ ibẹ̀ láti gbé e kúrò, àwọn mìíràn dúró láti dáàbò bò ó, ó dìjà. Wọ́n fi àwòrán náà sílẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìdílé Zapata kò fara mọ́ ọn.

Níbo ni Díaz wá wà?

Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1915, ogun tó sá fún ṣì ń jó. Itẹ́ òkú Montparnasse ló wà, nínú ilé kékeré olókùúta tí idì Mẹ́síkò wà lára rẹ̀. Àwọn ará Oaxaca kan ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wálé. Ìjọba kan ò tíì gbà. Wọ́n rí àyè fún Villa tí kò lórí, wọ́n tọ́jú apá Obregón fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn òkun, àwọn arìnrìn-àjò láti Mẹ́síkò ló ń ti òdòdó bọ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.